Gìtá Mi Kò Ní Sọ Pé Mò Ń Bọ́

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ yín. Ẹ ó ní, "Ẹni tó rìn jìnnà ló ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò lọ wádìí rẹ̀ wò?" Ó dáa. Ẹ má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ fìdí kalẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló da èmi àti ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wa rú ní ilẹ̀ Gíríìsì. Mi ò sọ pé orin kan o. Ohùn kan: bíi kí ènìyàn fi ìka tẹ okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbé ìka náà kúrò. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bí ẹ bá rí i pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ.

Ọjọ́ tí mo kúrò ní Adja-Ouèrè, ohun tí gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ni mo sọ: "Ìyá, mò ń bọ̀." Ìyá mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n fún epo, ó ní, "Tètè dé o." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í wo ojú ìyá ẹni kí á ní "mo lọ." Òkú ló ń lọ. Ẹni tó wà láàyè, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ, ì báà jẹ́ òpin ayé, bíbọ̀ ló ń bọ̀. Bí mo ṣe dé ibi tí mo dé, ẹ má bi mí. Ẹni tó gba ọ̀nà yẹn kì í fẹ́ sọ ọ́, ẹni tí kò gbà á kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Àbúrò mi obìnrin, Fẹlisité, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Oko-Akarè, ló ní fóònù tó ṣe é gbára lé. Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú, á gbé e sí Ìyá létí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè, Ìyá ní:

"Ìlú wo lo wà gan-an?"

"Tẹsalóníkà ni, Ìyá."

"Tẹsalóníkà inú Bíbélì?"

"Òun náà ni."

"Háà! Ìyẹn ni pé lẹ́tà Pọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ló wá dé tí wọn ò fèsì látọjọ́ yìí? Wọn ò lẹ́kọ̀ọ́."

Ẹ wá gbọ́ bí wọn ò ṣe lẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ ni ilé oúnjẹ kan létí òkun. Mo kí ọkùnrin tó ni ín, mo tẹrí ba, mo béèrè. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì pòṣé. Sí mi! Èmi tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun! Èmi náà pòṣé padà fún un, irú èyí tí àwọn ìyá ọjà Adja-Ouèrè ń pa, tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí wọ́n ń pa á fún á ti délé kó tó tán. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé bí àwọn Gíríìkì ṣe ń sọ pé "rárá" nìyẹn. Ọkùnrin náà kàn ní kò síṣẹ́ ni. Èmi ni mo bú u níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ibi kejì, obìnrin tó ni ibẹ̀ ní, "Nẹ̀, nẹ̀, nẹ̀." Etí tí mo fi gbọ́ Faransé ní iléèwé sọ fún mi pé ó kọ̀. Mo dúpẹ́, mo kẹ́yìn sí i. Ó sá tẹ̀lé mi dé títì pẹ̀lú aṣọ ìdáná lọ́wọ́, ó ń pariwo "nẹ̀, nẹ̀!" Ẹ̀yin ará mi, "nẹ̀" ni "bẹ́ẹ̀ ni" wọn. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń fọ ìkòkò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fẹ́ jáde díẹ̀. Mo ti kọ́ "mò ń bọ̀" ní èdè wọn: "érkòmè." Mo fi pẹ̀lẹ́tù sílẹ̀, mo ní, "Érkòmè," mo sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà dúró gbagidi.

"Níbo lo ti ń bọ̀?" ló fi ké. "Iwájú mi lo wà! O ní ò ń bọ̀, o sì ń lọ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń lọ ni mo ṣe ní mò ń bọ̀."

Gbogbo ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, wọn ò pe orúkọ tí ìyá mi sọ mí mọ́. "Érkòmè, gbé ìkòkò! Érkòmè, omi!" Wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi náà ń ṣẹ̀fẹ̀, ẹ kúkú mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ènìyàn kò dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dàbí òkúta nínú ìrẹsì. Mò ń jẹ ẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín, eyín ń dùn mí.

Èyí tó burú jù ni yàrá mi. Nílé, o ò lè jáde kí ẹnìkan má bi ọ́ pé níbo. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ìbéèrè yẹn máa ń sú mi. Ní Tẹsalóníkà, mo máa ń wọ bàtà, mo máa ń dúró, n óò retí pé ẹnìkan á bi mí. Kò sí ẹni tó bi mí rí. Mo wá ń sọ ọ́ fún ilẹ̀kùn: "Mò ń bọ̀ o." Ilẹ̀kùn náà kò dáhùn, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Gìtá ló yọ mí nínú omi ìfọkòkò. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Kátólíìkì nílé wa ni mo ti kọ́ ọ. Bulúùsì, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnìkan mú wá láti Cotonou ni mo ti gbọ́ ọ, tí mò ń gbọ́ ọ títí kásẹ́ẹ̀tì fi ń hó bí epo. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọrùn ìgò sí ìka, kí wọ́n máa fi rọra fà á lórí okùn títí okùn á fi sunkún. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo jókòó sí tí mò ń fà á, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá jẹun yọ orí síta. Yánísì lorúkọ rẹ̀. Ó ń ta búsúkì, gìtá wọn tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ikùn rẹ̀ yọ bí igbá. Ó gbọ́ Faransé dáadáa.

"Bulúùsì! Láti Amẹ́ríkà lo ti wá?"

"Rárá. Láti Benin."

"Ibo nìyẹn wà ní Amẹ́ríkà?"

Ó yẹ kí n ti sá níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá onígìtá. Ó fẹ́ po bulúùsì pọ̀ mọ́ orin ilẹ̀ wọn àti orin àwọn òkè Bálíkánì. Ó ní ẹkún kan náà ni gbogbo wọn. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́ di òní. Mo ju búrọ́ọ̀ṣì ìfọkòkò sílẹ̀, mo tẹ̀lé e. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n fi gba ìwé ìgbélùú fún mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí bí mo bá kúrò nínú ẹgbẹ́, mi ò lẹ́sẹ̀ tí mo fi dúró nílẹ̀ yẹn mọ́.

Àgbàlagbà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, Góránì, tó ń fọn fèrè dúdú gígùn tí wọ́n ń pè ní kilarinẹ́ẹ̀tì. Òkè odi ààlà lápá àríwá ló ti wá. Nígbà tí mo bi í pé orílẹ̀-èdè wo, ó rẹ́rìn-ín.

"Èwo nínú wọn? Ilé kan náà ni wọ́n bí mi sí, orúkọ orílẹ̀-èdè ló ń yí padà lórí mi. Ìwọ rìn kí o tó di àlejò. Èmi jókòó ni, àjèjì wá bá mi nílé."

Òun nìkan ni kò pè mí ní Érkòmè.

Ẹ wá wo ìyà. Orin wọn kì í rìn bí ènìyàn. Àwa, bí a bá ka mẹ́rin, ẹsẹ̀ méjèèjì á dọ́gba. Àwọn yìí ń ka méje: gígùn kan tó gba mẹ́ta, kúkúrú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba méjì, bí ẹni tí bàtà kan já mọ́ lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà. Mò ń ṣubú nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Yánísì ní, "Èmi rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìlù wà fún ẹ̀yin!" Mo fẹ́ fi gìtá náà là á lórí. Inú ẹ̀jẹ̀! Bí ẹni pé n kò jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì títí ìdí fi kú tìmì. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ní tiwọn, ẹ̀kọ́ ni. Ohun tí èmi bá kọ́, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń wẹ̀, ó ṣàdédé yé mi. Lójú inú, mo rí ìyá mi ní Massè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú wa, nínú kòtò tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti ṣe epo. Ẹsẹ̀ kan rì, ó pẹ́ nísàlẹ̀. Á fà á yọ, kíá, kíá. Gígùn kan, kúkúrú méjì. Ìyá mi ti ń ka méje kí wọ́n tó bí Yánísì! Mo sì rántí orin tí òun fúnra rẹ̀ dá, tó máa ń kọ nínú kòtò náà:

Mò ń bọ̀, ẹ má tìlẹ̀kùn,
Ẹrẹ̀ ló dì mí lẹ́sẹ̀ mú,
Mò ń bọ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pàdé fún ìdánrawò, mo fi gìtá kọ ọ́. Mi ò la ẹnu. Ọrùn ìgò ni mo fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lórí okùn: dò, mí, dò. Mò, ń, bọ̀. Góránì dìde lórí àga. Ó fi fèrè rẹ̀ gba abẹ́ wọlé, bulúùsì wà níbẹ̀, òkè rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ Massè wà níbẹ̀. Mo ti pẹ́ nílẹ̀ Gíríìsì, ọjọ́ yẹn ni mo dé ibẹ̀.

Yánísì ní, "Èyí ni a ó fi ṣí eré níbi àjọ̀dún orin tí wọ́n pè wá sí. Ṣùgbọ́n ohùn ìkẹyìn yẹn, gbé e sókè."

Àwọn olórin wọn máa ń pe ìtò ohùn ní "ọ̀nà." Ó ní ọ̀nà tí òun mú kì í sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn, pé bó bá lọ sókè ni àwọn ènìyàn á fò sókè jó. Ó ta á lórí búsúkì: dò, mí, mí. Mo rò pé ìdánrawò lásán ni, mo sì fi gìtá tẹ̀lé e. Góránì fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí Fẹlisité.

Ọjọ́ Àìkú, Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, kí lò ń bọ́? Adìyẹ ni àbí ẹlẹ́dẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ní kí lò ń bọ́? Orin mi kọ́ nìyẹn. Gìtá rẹ ní ò ń bọ́. Àbí orí igi lo ti ń bọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ọ̀rọ̀ yẹn fún yín. Adẹ́mu ni bàbá mi. Ọ̀pẹ kan ní Massè ló ti bọ́, ẹmu ṣì wà nínú akèrègbè rẹ̀. Látọjọ́ náà, a kì í lo ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa. Bí èso bá kúrò lórí igi, a ní ó wálẹ̀. Bí eyín ọmọdé bá kúrò lẹ́nu, a ní ó ṣí lọ. Àlejò tó bá ṣèèṣì sọ ọ́, Fẹlisité á tètè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi, àkọ́bí ọkùnrin, ni mo wá fi gìtá sọ ọ́ fún opó náà, nínú orin òun fúnra rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Wọn ò mọ̀."

"Ìwọ mọ̀. Ẹnu rẹ ni gìtá yẹn. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń bọ́, kí ló kù? Sọ fún wọn kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ mi padà sílẹ̀."

Mo lọ bá Yánísì.

"Ohùn yẹn gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀."

"Mo ti sọ fún ọ, ọ̀nà yìí kì í sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀."

"Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ burúkú."

"Gìtá kì í sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi."

"Tiwa ń sọ."

"Ta ni yóò gbọ́? Kò sí ẹyọ ẹnìkan níbẹ̀ tó gbọ́ èdè rẹ."

"Ìyá mi gbọ́."

"Ṣé ìyá rẹ á wà níbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Nẹ̀."

Ìlú kékeré kan lórí òkè ni àjọ̀dún náà ti wáyé, oòrùn ọ̀sán ṣì mú. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àwòrán mi lára ògiri, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n fi oko òwú sí ẹ̀yìn mi. Òwú! Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Ọmọ Mississippi. Mo dúró síwájú ara mi, mi ò mọ ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ níbí. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló ni bulúùsì, àwọn ni wọ́n fi ẹkún wọn ṣe é. Èmi, ọmọ àwọn tó kù nílé ni mí. Bí mo bá ta okùn wọn, ọ̀dọ̀ ìbátan ni mo lọ, mo sì kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé. Wá sọ fún mi, ìwọ Yánísì, ta ló fún ọ láṣẹ láti tún mi gbé sínú ọkọ̀ ojú omi, kí o sì já mi sí oko òwú, lórí ògiri, láìbi mí?

Mo tẹ Fẹlisité láago. "Fòfó, ẹ kú ọ̀sán," ló wí. Bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ọwọ́ àwọn Gùn la ti yá a. Mo ní kó gbé fóònù fún Ìyá, kó má sì pa á. Mo gbé tèmi lé orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Yánísì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Láti etí odò Mississippi..."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gíríìkì mi kò gún, ṣùgbọ́n ó dé ibi tó ń lọ. Mo ní, "Mi ò tíì rí odò yẹn rí. Adja-Ouèrè ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi ló ni orin tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, ó wà láàyè, ó ń gbọ́ yín." Obìnrin arúgbó kan tó wọ dúdú níwájú kí fóònù tó wà lórí àga. Mo fẹ́ràn rẹ̀ títí ayé.

A bẹ̀rẹ̀. Gígùn kan, kúkúrú méjì. Bí a ṣe dé ibẹ̀, búsúkì lọ sókè, gìtá mi lọ sílẹ̀. Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí, bí ìgbà tí ewúrẹ́ méjì kan orí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Yánísì yí ojú sí mi, ó fi ẹnu nìkan ṣe é: "Sókè!" Mo gbé àgbọ̀n mi sókè, mo sì pòṣé fún un. Lọ́jọ́ yẹn, a gbọ́ èdè ara wa.

Ẹ̀ẹ̀kejì, a tún kan orí. Lójú inú, mò ń wo ìwé ìgbélùú mi bó ṣe ń fò lọ bí ewé gbígbẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fa ọrùn ìgò náà wálẹ̀ títí ohùn fi kan ilẹ̀, mo sì gbọ́ ohun kan lábẹ́ mi tó ń bá mi sọ̀kalẹ̀. Góránì ni. Ó pa ojú dé, ó gbé fèrè rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ wa. Yánísì gbé búsúkì rẹ̀, ó sì kúrò lórí pèpéle. Àwọn ará ìlú kò dúró dè é. Wọ́n ń pa àtẹ́wọ́ méje náà fúnra wọn, arúgbó aláṣọ dúdú náà ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, èmi àti Góránì sì ń sọ ọ́ lọ, mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, títí ó fi tán.

Mo gbé fóònù lórí àga. Rẹ́sọ́ọ̀ fóònù ti já. Mi ò mọ ìgbà tó já. Mo pè, pè, pè, kò wọlé. Bóyá ìyá mi gbọ́ ohùn tó sọ̀kalẹ̀, bóyá ti búsúkì nìkan ló gbọ́ kó tó pa fóònù pẹ̀lú omijé, mo gbé ìyẹn sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ọ̀rọ̀ Yánísì lójú fóònù. Kò gùn: kí n má wá sí ìdánrawò mọ́, òun á sọ fún ìjọba pé mi ò sí nínú ẹgbẹ́. Mo ṣì ń wò ó tí fóònù fi dún lọ́wọ́ mi.

"Fòfó, ẹ kú àárọ̀. Ìyá ni. Kò jẹ́ kí n lọ síbi iṣẹ́ bí mi ò bá tíì pè yín."

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé ó sọ̀kalẹ̀?"

"Ó sọ̀kalẹ̀ dáadáa. Ará ilé gbọ́, ará ẹ̀yìnkùlé gbọ́. Gbogbo wọn ló ń kí mi pé ọmọ mi ní òun ń bọ̀."

Mo mí kanlẹ̀. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ìgbà wo?" ni ó wí.

"Ìyá, mò ń bọ̀."

"Ìyẹn ni gìtá sọ. Ìwọ ni mò ń bi."